Jagunjagun Tó Ń Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Lọ Túfọ̀

Bí o bá gbàgbé agboòrùn rẹ sínú ọkọ̀ ojú irin nílùú wa, ọ̀dọ̀ Akọ̀wé ni agboòrùn náà máa sùn. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n kan pákó ìkẹ́rùsí sí láti ilẹ̀ dé àjà. Agboòrùn, báàgì, ìwé ẹ̀rí, bàtà ẹsẹ̀ kan, eyín àtọwọ́dá tí wọ́n fi áńkáṣíìfù wé. Èmi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń bọ́ eyín sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kó sì máa bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Akọ̀wé ní ó kéré tán òun ń gba mẹ́ta lọ́dún. Gbogbo ẹrù ló máa ń so káàdì kékeré mọ́: ọjọ́, wákàtí, ibi tí wọ́n ti rí i. Bí o bá wá béèrè tìrẹ, kò ní fi hàn ọ́. Á ní kí o kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí. Àìmọye ènìyàn ló ti bú u lórí èyí, kò sì sẹ́ni tó rí i kó bínú rí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Kò níyàwó, kò bímọ, kò sì dà bí ẹni pé nǹkan kan ń dùn ún níbẹ̀. Tó bá di Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, á gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ láti ibi iṣẹ́, á béèrè bóyá ó ti lo oògùn, á ka ìwé ìròyìn, á sì dìde. Àwọn kan á ní ó gbéraga. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ló máa ń wọ́n lẹ́nu ẹ̀, bíi omi ẹ̀rọ lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀.

Èmi ni mo ń di ìwé ní òpópónà kejì sí ibùdókọ̀ náà. Àǹtí Adìwé ni wọ́n ń pè mí. Mo ní tábìlì ńlá kan ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gé bébà, orí tábìlì náà la sì ti ń ṣeré ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwa mẹ́rin: èmi, Akọ̀wé, Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, àti Tísà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹni tó bá gbọ́ wa láti ìta á rò pé ìjà là ń jà.

Eré náà kò le. Ẹnì kan ló ń sọ ìtàn, èmi nìyẹn. Àwọn yòókù, oníkálukú mú ẹ̀dá kan nínú ìtàn náà, òun ló sì ń sọ ohun tí ẹ̀dá náà ṣe àti ohun tó wí. Bí ohun tó fẹ́ ṣe bá le, bíi kó fo kòtò tàbí kó parọ́ fún ọba, á da dáìsì olójú ogún. Bí nọ́ńbà bá ga, ó bọ́ sí i. Bó bá kéré, imú ló máa fi gúnlẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹ má ṣe sọ pé rárá sí ìtàn ẹlòmíràn. Bí ẹnìkejì rẹ bá ní òjò ń rọ̀, òjò ń rọ̀ nìyẹn. Gbà á, kí o sì fi tìrẹ kún un. Mo máa ń fi òfin yìí yangàn gan-an. N óò padà sórí ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, obìnrin tí kò lè jí òwú nílé ìwòsàn, olè ló mú. Tísà mú onídán. Akọ̀wé ní jagunjagun mímọ́ ni òun fẹ́ jẹ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ Ajíṣẹ́. Nínú ìwé òfin eré náà, jagunjagun mímọ́ máa ń búra fún Ọlọ́run rẹ̀, Ọlọ́run á sì fi ìmọ́lẹ̀ kan sí i lọ́wọ́ tó fi ń wo ọgbẹ́ sàn, tó fi ń lé òkùnkùn. Ọjọ́ tó bá da ìbúra náà ni ìmọ́lẹ̀ kúrò. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń búra ni pé àwọn ò ní parọ́, àwọn ò ní jalè, àwọn á gbèjà aláìlágbára. Mo gbé pẹ́ńsù, mo ní kó sọ tiẹ̀ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹni tí mo bá pa," ó ní, "èmi fúnra mi ni mo máa lọ sọ fún àwọn ará ilé ẹ̀."

Mo ní, "Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

"Ṣé ó lè parọ́?"

"Ó lè parọ́."

"Ó lè jalè?"

"Tó bá wù ú. Àmọ́ kó tó pa èèyàn, ó gbọ́dọ̀ béèrè orúkọ ẹ̀. Tó bá pa á tán, kò gbọdọ̀ ránṣẹ́, kò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló máa fi débẹ̀."

Tísà bú sẹ́rìn-ín. "Èwo ló wá jẹ́ mímọ́ níbẹ̀, Akọ̀wé?"

Akọ̀wé rò ó díẹ̀. "Ẹni tó bá lọ́wọ́ láti pa," ó ní, "kó lẹ́sẹ̀ láti lọ sọ."

A rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Bí Tísà bá mu tíì tán tó gbé ife sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì á ní ẹni tó bá lẹ́nu láti mu, kó lọ́wọ́ láti fọ̀.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Àwọn olè mẹ́sàn-án dá wọn lọ́nà nínú igbó kan, a sì fi ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo ṣẹ́gun wọn. Ọ̀sán mẹ́rin gbáko la fi rìn dé ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Èmi ò tilẹ̀ múra ilé kankan sílẹ̀. Ta ló ń ronú nípa ìyá olè? Ní ilé àkọ́kọ́, mo ṣàdédé ní obìnrin arúgbó kan ló ń rán ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ó sì béèrè pé, ṣé ọmọ òun jẹun kó tó kú? Ajíṣẹ́ ní, "Mi ò mọ̀, Màmá. Èmi ni mo pa á." Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ki bisikíìtì bọ ẹnu gbé e padà sínú àwo.

Ní ilé kẹta wọ́n gbé ọmọ odó lé e. Mo ní kó da dáìsì kó lè yẹ̀ ẹ́. Ó ní Ajíṣẹ́ ò yẹra. Ní ilé karùn-ún, ìyàwó òkú dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kí wọ́n wọlé jókòó, ìyẹn sì burú ju ọmọ odó lọ. Nígbà tó fi máa di ilé keje, mo ti ń gbádùn ara mi. Mo ń yí ohùn padà, mo ń fi ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí kò sí láyé dárà. Nọ́ọ̀sì ní, "Àwa la jagun, àwa la tún ń ṣọ̀fọ̀. Olè wo ló ń gbé irú ayé yìí?" Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún Ajíṣẹ́. Kì í ṣe idà rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Ọ̀kan ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sílé wa, màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru." Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín.

A ti ń ṣe eré náà bọ̀ fún ọdún kan ààbọ̀ nígbà tí Akọ̀wé pa ọjọ́ Àìkú méjì jẹ tẹ̀lé ara wọn. Ó ní iṣẹ́ ni. Ó padà dé, ó jókòó, ó yọ pẹ́ńsù. Ojú rẹ̀ ò yàtọ̀, torí ojú rẹ̀ kì í yàtọ̀. Bóyá ó yẹ ká ti mọ̀, mi ò mọ̀. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti dákẹ́?

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta lẹ́yìn ìpadàbọ̀ rẹ̀, wọ́n dé orí afárá kan. Ẹ̀ṣọ́ kan dúró níbẹ̀, ó ní wọn ò lè kọjá. Ajíṣẹ́ fa idà yọ. Dáìsì gbé méjìdínlógún wá, ẹ̀ṣọ́ ṣubú. Mo ti múra ilé ẹ̀ṣọ́ yìí sílẹ̀ láti àárọ̀: ilé kékeré létí odò, ìyàwó, ọmọ méjì, àti bàbá ìyàwó tí kò gbọ́ràn dáadáa, tí wọ́n máa ní láti pariwo ọ̀rọ̀ náà sí létí. Inú mi ti ń dùn sí ìyẹn. Mo wá ń retí kí Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọjá."

Nọ́ọ̀sì ní, "Akọ̀wé, o ò béèrè orúkọ ẹ̀."

"Mo mọ̀."

Mo ní, "Ṣé o mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀?"

Ó mú rọ́bà, ó pa ibi tí a kọ ìmọ́lẹ̀ sí lórí bébà rẹ̀ rẹ́, ó fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. "Ó ti lọ," ó ní. "Ṣé a lè máa bọ́ síwájú?"

Ẹ wo Nọ́ọ̀sì, tó ti fi ọdún kan ààbọ̀ ṣépè fún ilé ọlọ́fọ̀ gbogbo, òun ló wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà, kó kàn béèrè orúkọ, kò ní pẹ́. Akọ̀wé ní kò sí wàhálà. Bí eré ọjọ́ yẹn ṣe tú nìyẹn, agogo mẹ́rin kò tíì lù.

Inú bí mi. Mo rò pé ó ti sú u ni, pé ó fẹ́ ba ìtàn mi jẹ́. Nígbà tí àwọn tó kù lọ, ó dúró bá mi kó bébà sábẹ́ irin tó máa ń tẹ bébà pẹlẹbẹ bó ṣe máa ń ṣe, mo sì dojú kọ ọ́. Mo ní kí ló dé tó fi ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fi tipá mú wá.

"Àbúrò mi kú, Àǹtí."

Ó sọ ọ́ bó ṣe máa sọ pé agboòrùn dúdú, ọ̀pá onígi. Mo ní nígbà wo. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́la.

Mo jókòó. Òun ò jókòó, ó ń to bébà lọ, ó sì ń sọ ọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, ló ń dáná nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù. Ìfun rẹ̀ kan ló bẹ́ lójú òkun. Wọ́n gbé e sílé ìwòsàn ní èbúté kan, ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Akọ̀wé àti àbúrò bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré, ló lọ sin ín. Ìyá wọn ò mọ̀. Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ìyá ni ọmọ kú, dókítà sì ti kìlọ̀ pé fún oṣù méjì, ohunkóhun ò gbọdọ̀ já a láyà.

"Ó máa ti béèrè ọmọ ẹ̀," mo ní.

"Àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi máa ń sọ̀rọ̀. Ìpè kì í wọlé lójú òkun." Ó tẹ́ bébà kan. "Bàbá Kékeré ní kí n máa dáhùn. Wọ́n ní, 'Ìwọ tí gbogbo Sọ́ńdè lo máa ń ṣe bí ẹni tí o kì í ṣe, ṣé o ò lè ṣe àbúrò ẹ fún oṣù méjì?'"

Láti ọjọ́ tí bàbá yẹn ti gbọ́ nípa eré wa ló ti ń pè é ní eré àwọn ọ̀lẹ. Ọjọ́ tó wúlò fún un ló wá mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Akọ̀wé yọ fóònù àbúrò rẹ̀ láti inú àpò. Káàdì kékeré kan wà tó so mọ́ ọn, òwú funfun ló fi so ó. Ọjọ́, wákàtí, àti ibi tí wọ́n ti rí i: wọ́ọ̀dù kẹrin, abẹ́ ìrọ̀rí. Mo bi í pé kí ló so káàdì mọ́ ọn fún. Ó wò ó bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ní òun ò rántí ìgbà tí òun so ó.

Ó ní kí n kà á. Àwọn ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ kúrú. "Mo wà dáadáa." "Mo ti jẹun." "Ẹ máa sinmi." Bó o bá ka ìyẹn fún ọdún méjì o ò ní mọ irú ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló kan ti Akọ̀wé. Àkọ́kọ́, ó fara wé e, ó kúrú bí ti àbúrò. Ṣùgbọ́n ìyá béèrè pé báwo ni òkun ṣe rí tí òjò bá ń rọ̀. Akọ̀wé tí kò rí òkun rí àfi ọjọ́ ìsìnkú kọ ìlà mẹ́jọ. Ìyá ní kò ní sí ẹni tó ń bá a ṣeré nínú ọkọ̀ yẹn. Akọ̀wé dá ẹnjiníà kan sílẹ̀ tó ń hanrun débi pé ọ̀gá ọkọ̀ rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ó fi ológbò kan kún un. Ní àràárọ̀ ló ń kí i, ní alaalẹ́ ló ń bi í pé báwo ni àyà. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ìyá ń kà á fún àwọn aládùúgbò, ìyá tí kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́rin ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì fúnra ẹ̀. Ó kọ ọ́ sí i pé, "Ọmọ mi, o ti wá mọ èèyàn kẹ́."

Mo fi fóònù náà sílẹ̀. Kò sí omi lójú mi, kò sí lójú tiẹ̀.

"Èyí tó kù ńkọ́?" mo ní, torí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Ó ṣí i fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá béèrè pé: "Ṣé ọkọ̀ yín máa gúnlẹ̀ nítòsí wa lóṣù tó ń bọ̀, bíi tèṣí?" Èsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Sátidé kẹta, ní ọ̀sán. Ẹ wá pàdé mi."

Sátidé kẹta, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni. Ìyá ti ra bàtà tuntun. Ó ti di ẹrù.

"Akọ̀wé! Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi ti kọ ọ́ kí n tó rò ó." Ó wò mí, kò fi ṣe ẹ̀sùn. "Ẹ ṣáà ní ká má sọ pé rárá. Ká gbà á, ká fi kún un."

Òfin tí mo fi ń yangàn. Ẹni tí kì í ṣeré bíi tiwa ì bá ti kọ ọ́ pé rárá, ọkọ̀ ò ní yà síbẹ̀ lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ó máa ń wù mí kí n bínú sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò sí ẹlòmíràn.

Mo bi í pé ṣé ó ti sunkún. Ó ní rárá. Mo ní kí ló ń ṣe é.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, Àǹtí. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, àmọ́ kò bà mí lẹ́rù tó bó ṣe yẹ."

Bàbá Kékeré ti ní kó kọ ọ́ pé ọkọ̀ yà sí ibòmíràn. Mo ní títí dìgbà wo. Ó ní Bàbá Kékeré ò dárúkọ ìgbà kankan. Mo ní irọ́ tó bá ti ń bímọ, kì í mọ ìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Mo ní kó lọ sọ ọ́, kí ìyá má lọ dúró sí èbúté nínú òòrùn pẹ̀lú àyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, kó máa wo ojú gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀.

"Nínú eré, ó rọrùn," ó ní. "Èmi ni mo pa wọ́n. Ẹni tó pa èèyàn ní ohun tó lè sọ. Ta ni mo pa níbí?" Ó gbé bébà mìíràn. "Àmọ́ lójú Màámi, ó ṣì wà láàyè. Ó ní ológbò. Ọjọ́ tí mo bá la ẹnu ni ó máa kú. Èmi ni mo máa pa á, Àǹtí."

Mo ní, "Ìwọ náà lo máa lọ nìyẹn."

Ó to bébà tó kù tán. Ó ní, "Ó dáa."

Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn lọ bá dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, dókítà sì ní bó bá di dandan kó gbọ́, kó gbọ́ ọ lórí ìjókòó nínú ilé ara rẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú wà níbẹ̀. Bàbá Kékeré pariwo lórí fóònù. Ó ní bí nǹkan bá ṣe ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, ọrùn Akọ̀wé ni. Akọ̀wé ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mi ò mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún.

Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́ta ọ̀sán, àwa mẹ́ta, Akọ̀wé, Nọ́ọ̀sì àti èmi, gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá ìyá rẹ̀ ní àjà kejì. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Báàgì kan wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, súẹ́tà aláwọ̀ ewé wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ká dáadáa, bàtà tuntun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú páálí. Ìyá kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Inú rẹ̀ dùn sí wa.

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá ọmọ mi ṣeré lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Ẹ kú sùúrù o. Ṣé ó máa ń bá yín sọ̀rọ̀ ṣá?"

Mo ní ó ń gbìyànjú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tó wà lójú òkun ló wá di ọlọ́rọ̀ ẹnu báyìí, kí n gbọ́ ohun tó kọ láàárọ̀. Ó wọ ìgò ojú rẹ̀, ó ka ti ológbò tó sùn sínú fìlà ọ̀gá ọkọ̀ fún wa. Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń ṣeré. Akọ̀wé ò jókòó.

"Màámi."

"Ẹn?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Èmi ni mo wá sọ ọ́ fún yín." Ohùn rẹ̀ tẹ́jú. "Àbúrò mi ti kú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ mẹ́ta rèé. Inú ló bẹ̀rẹ̀ sí í run ún nínú ọkọ̀. A ti sin ín."

Ìyá ò pariwo. Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó wo Akọ̀wé. "Irọ́ ni," ó ní. "Ó kọ̀wé sí mi láàárọ̀ yìí."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì ò gbé ọwọ́ kúrò. Ìyá béèrè ọjọ́ tó kú. Akọ̀wé ní ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò fa ọ̀rọ̀ inú fóònù padà sẹ́yìn, ó ń fà á, ó ń fà á, títí ó fi dé ibi tó ń wá.

"'Mo ti jẹun, Màámi.' Èyí ńkọ́?"

"Òun ni."

"Èyí?"

"Èmi ni."

"Èyí?"

"Èmi ni, Màámi."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bi í. Ti òjò lójú òkun, ti ẹnjiníà, ti ológbò. Èmi ni. Èmi ni. Mo ń ka bọ́tìnnì ara súẹ́tà yẹn. Mẹ́fà ni. Mo tún un kà. Mi ò mọ nǹkan kan lára, mo kàn mọ̀ pé mẹ́fà ni.

Lẹ́yìn náà ó dé orí ọ̀kan, ó sì kà á jáde. "'Ẹ rántí ọjọ́ tí omi kún títì, tí ẹ pọ̀n mí lọ síléèwé? Mò ń júwe ibi tí kòtò wà fún yín láti ẹ̀yìn. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí pé ẹ̀rù ò bà mí lọ́jọ́ yẹn.'" Ó yọ ìgò ojú rẹ̀. "Ìwọ ni mo pọ̀n lọ́jọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Òun wà nínú mi nígbà yẹn. Oyún ẹ̀ ni. Mo ní, kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Ta ló sọ fún un? Mo rò pé ìwọ lo sọ fún un, mo ní wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, inú mi dùn." Ó gbé ìgò náà lé ẹsẹ̀. "Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú lo ti ń wá síbí. Wẹ́sídeè, Fúráìdeè. 'Ṣé ẹ ti lo oògùn.' Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu ẹ kò ju ìyẹn lọ. Gbogbo èyí wà nínú ẹ?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ ẹnu òkú lo máa gbà sọ ọ́ fún mi?"

Ìgbà yẹn ni ìyá tó sunkún, kò pariwo, ó kàn ń dà. Mi ò mọ èwo nínú ọmọ méjèèjì ló ń sunkún fún. Nọ́ọ̀sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀ lábẹ́ ètè, ó mirí sí mi pé kò sí ewu. Akọ̀wé dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá na ọwọ́ tó ṣẹ́ kù, ó fà á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Fi ẹnu tìẹ sọ ọ́."

Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń gba àtẹ̀gùn kọjá lóde.

"Ẹ̀rù ò bà mí lọ́jọ́ yẹn, Màámi," ni Akọ̀wé wí. Ohùn rẹ̀ ò yí padà, ojú rẹ̀ ò yí padà.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ.